Àwọn Ihò Zawan Tí A Pa Rẹ́

Ní ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ wa ni ká mọ ibi tí ihò wà nínú ilẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi wa kùsà káàkiri àyíká ìlú náà kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí kùsà tán, tàbí tí kò mówó wọlé mọ́, wọ́n fi ihò sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn ihò kan di adágún omi tí gbogbo ojú ń rí. Àwọn kan kò fẹ̀ ju kànga lọ. Wọ́n lọ tààrà sísàlẹ̀, wọ́n wá yà sábẹ́ ilẹ̀ bí ọ̀nà òkété. Pákó ni wọ́n fi dé ẹnu irú wọn, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé e, koríko sì hù. Ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n. Ìwé wa nìkan ló mọ̀ wọ́n: bí wọ́n ṣe jìn tó, apá ibi tí wọ́n yà sí, bí wọ́n ṣe jìnnà tó sí odò tàbí òkúta ńlá tó wà nítòsí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ní Zawan tàbí lẹ́yìn Naraguta, ọ̀dọ̀ wa ló máa kọ́kọ́ wá.

Èmi ni mo ń tẹ̀wé níbẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e dé Jọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ọ̀gá wa, ọmọ Ọ̀yọ́ tó jẹ́ alàgbà ní ìjọ rẹ̀, a máa sọ pé òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú Yorùbá mi, kí n máa ṣà á kí n tó bù ú fún àlejò. Bí ara mi kò bá yá, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀, á sì ní kí n máa lọ sílé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo tètè sọ èyí nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò dùn létí, ọwọ́ tèmi náà kò sì mọ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó gbà mí ní ọdún kan gbáko láti tẹ gbogbo ìwé ihò sínú rẹ̀. Bí mo bá ti parí ìwé ńlá kan, wọn á gbé e jáde. Mo rò pé yàrá ẹrù ni wọ́n ń kó wọn lọ. Lọ́jọ́ kan mo ra ẹ̀pà sísun ní àdúgbò Àpáta nínú ìlú náà, bí mo ṣe ń tú u, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ará àtijọ́ lára ìwé tí ìyá ẹlẹ́pà fi dì í fún mi: bí ihò kan ṣe jìn tó, àti apá ibi tó yà sí. Mo bi ọ̀gá. Ó ní kí la tún fẹ́ fi wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ti wà nínú ẹ̀rọ, ṣé kí ikán wá jẹ wọ́n ni? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń ṣe nígbà náà. Ìwé tí a bá ti lò tán, ẹlẹ́pà àti alákàrà ló ni ín. Mo jẹ ẹ̀pà mi, mo sì sọ ìwé náà nù.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ sístẹ̀mù dé. Sístẹ̀mù ni ohun tó kọ́kọ́ ń jí nínú kọ̀ǹpútà bí a bá tàn án, òun ló ń sọ ohun tí gbogbo ìyókù máa ṣe. Àwọn tó ta tiwa fún wa ní dandan ni kí á máa gba àṣẹ ìlò tuntun lọ́wọ́ àwọn lọ́dọọdún, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ń gbà, nígbà tí náírà ti di ohun tí òyìnbó kì í fọwọ́ kàn mọ́. Ọ̀gá mọ ọkùnrin ará Èkìtì kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Ó gbé dísìkì wá fún wa nínú páálí bàtà. Sístẹ̀mù mìíràn ló wà nínú wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè ló kọ ọ́, tí wọ́n sì fi gbogbo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ mọ́ ọn, kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì dà á kọ fún ẹlòmíràn.

Inú ọ̀gá dùn. Ó ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Èmi bi olùkọ́ náà pé bó bá bàjẹ́ ńkọ́, ta la máa pè.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa pè, àbúrò. Ẹ̀yin lẹ ni ín báyìí."

Ẹ̀rín náà kò tù mí nínú rárá. Gbogbo ohun tí mo ti lò láyé mi ló ní ẹni tí a lè lọ bá jà bí kò bá ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin Zawan wá. Ọmọ Bẹ̀rọ́m ni, àgbẹ̀, ó ń gbin ànàmọ́ òyìnbó. Èdè Hausa la jọ ń sọ. Ilé amọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń gbé ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Ó fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá kan fún un nínú ọgbà ọrọ́ tó yí ilé wọn ká, kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà àdúgbò ní wọ́n ti wa kùsà níbẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó rántí ibi pàtó.

"Sannu da aiki, Màdáámù," ó kí mi, ó dúró títí mo fi ní kó jókòó. "Ẹ bá mi wò ó. Bí ihò bá wà níbẹ̀, kò burú, mo ní ilẹ̀ mìíràn nísàlẹ̀ odò, ibẹ̀ ni màá kọ́ ọ sí. Kí n ṣáà mọ̀."

Mo sọ fún un pé à ń pààrọ̀ sístẹ̀mù, kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Sístẹ̀mù àtijọ́ ṣì wà lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti wo ilẹ̀ rẹ̀ fún un. Oúnjẹ ọ̀sán mi ló ń tutù, mo sì ti jẹ bíńtín nínú rẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti tuntun, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ti lo ti àtijọ́ débi pé ìka mi mọ ọ̀nà fúnra wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìka mi mọ̀ ló wá di èdè tí ẹ̀rọ kò gbọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbàgbé bí wọ́n ṣe ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ibi tí ìlà kan bá parí sí ni òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn títí á fi jábọ́ létí ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ojútùú ìyẹn. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, ẹ̀rọ á máa yẹ ara rẹ̀ wò fún bí wákàtí kan, á máa to nọ́ńbà tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sójú. Ìwé ìtọ́ni tí olùkọ́ fi sílẹ̀, ẹ̀dà ẹ̀dà ẹ̀dà ni, ojú ìwé kan dúdú, èkejì funfun.

Gbogbo ìyẹn ni mo lè fara dà. Ohun tó ń já mi láyà ni pé kì í sọ̀rọ̀. Ti àtijọ́, bí o bá ní kó pa gbogbo nǹkan rẹ́, á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú. Èyí kì í bi ẹnikẹ́ni. Bó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an, kò ní sọ nǹkan kan, ìlà òfìfo ló kàn máa yọ, á máa dúró de àṣẹ tó kàn. Ó tún pín inú ara rẹ̀ sí yàrá yàrá, inú yàrá tí o bá wà ló sì ti máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an, ṣùgbọ́n kò ní sọ yàrá tí o wà fún ọ àfi bí o bá bèèrè. Mo wá ń bèèrè lójoojúmọ́, nígbà tí mo bá dé àti nígbà tí mo bá fẹ́ dìde, mo dà bí ẹni tó ń fọwọ́ tá ògiri nínú òkùnkùn.

Olùkọ́ náà ṣe orúkọ ìwọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹni tó bá fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, nǹkan tirẹ̀ nìkan ló lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tó ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tó bá fi ìyẹn wọlé, kò sí ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ọn. Ó ní ká kọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ sínú àpòòwé, ká lẹ̀ ẹ́ pa, kí a má ṣí i àfi bí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn.

Ọ̀gá bi í pé, "Èwo ni tèmi?"

Olùkọ́ fi orúkọ ọ̀gá hàn án. Ó wà nísàlẹ̀ tèmi, nítorí èmi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ.

Ojú ọ̀gá yí padà. Ó ní, "Ẹnu-ọ̀nà kan náà ni èmi àti àwọn ọmọ wọ̀nyí á máa gbà wọlé?"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni olùkọ́ náà. Ó wolẹ̀, ó ní, "Rárá o, sà. Ẹ má bínú." Ló bá já àpòòwé, ó kọ́ ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ńlá wọlé. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí àgbà bá wọlé, àga tó ga jù la máa ń fà fún un. Kò sẹ́ni tó ń bi àga bóyá ó fẹ́.

Dísìkì wọ́n bí ojú nígbà náà. Olùkọ́ ti kìlọ̀ pé ká má nu àwọn dísìkì àtijọ́ tí a kó ìwé ihò sí kí a tó pààrọ̀ sístẹ̀mù, títí a ó fi ní ẹ̀dà méjì gbogbo ìwé ihò. A da àwọn ìwé náà kọ sínú ẹ̀rọ, ó parí, a wá rí i pé kò sí dísìkì òfìfo kan tí a lè ṣe ẹ̀dà sí. Ọ̀gá ní ká nu ti àtijọ́ ká fi ṣe é. Èmi ni mo nù wọ́n, lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mo ní lọ́jọ́ Ajé màá ṣe ẹ̀dà. Láti ọjọ́ Ẹtì náà, inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo lórí tábìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ihò tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn wà.

Ọ̀gá ti dé kí n tó dé lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́tà ìbéèrè tí ọkùnrin Zawan fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wá wà níwájú rẹ̀. Ó ti fi orúkọ ńlá wọlé, ó ti lọ sínú yàrá tí ìwé ihò wà nínú ẹ̀rọ láti wá ilẹ̀ náà fún un. Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìgbà náà ni ẹnì kan láti ìjọ yọjú, ó wá gba ìwé ètò ìsìn Àjíǹde tí ọ̀gá fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá fà á yọ nínú dúróà, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, onítọ̀hún lọ. Ọ̀gá wá rántí pé àwọn ẹ̀dà ìwé ìsìn tó bàjẹ́ ṣì kún inú ẹ̀rọ, ó fẹ́ gbá wọn dànù kí ibẹ̀ mọ́. Ó ti gbàgbé pé yàrá ihò lòun ṣì wà.

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tíì rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí ohun tó tẹ̀: lẹ́tà ábídí méjì tó túmọ̀ sí pa á rẹ́, àlàfo, ìràwọ̀ kan. Ìràwọ̀ yẹn túmọ̀ sí gbogbo wọn. Orúkọ àwọn ihò ṣì wà lójú ẹ̀rọ lókè ibi tó ń kọ̀wé sí, àwọn tí èmi fúnra mi tẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Èmi rí i lórí ìdúró lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni yóò gbá ọwọ́ alàgbà mú? Ó yẹ kí n pariwo. Ńṣe ni mo gbé tíì kalẹ̀, mo tẹ orúnkún, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́ o, sà..."

Ó ti tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Ìlà òfìfo yọ, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

Ó yíjú sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Kí lo fẹ́ sọ?"

Títí di òní mo ṣì ń bínú sí "sà" mẹ́ta yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni olùkọ́ tó rí àyè wá. Ó ní ká ní orúkọ tirẹ̀ ni ọ̀gá fi wọlé ni, ẹ̀rọ ì bá ti kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun máa ka bí wọ́n ṣe kọ sístẹ̀mù náà, bóyá ọ̀nà wà tí a lè gbà rí nǹkan gbà padà. Òdidi ọjọ́ kan ló fi kà á. Kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un. Nígbà tó parí, ó wá mọ bí àwọn ìwé náà ṣe lọ dájúdájú, ó sì mọ̀ pé wọn kì í padà bọ̀.

Oṣù mẹ́fà ló kù kí ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Nígbà tí olùkọ́ lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣe ohun tí àgbàlagbà kan kò ṣe fún mi rí: ó bẹ̀ mí. Ó ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí orúkọ mi bàjẹ́ nígbà tí mo fẹ́ relé." Mo ní kò ní bàjẹ́, sà.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀sẹ̀ méjì ọkùnrin Zawan pé. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ pé a ti yẹ ìwé wa wò, pé kò sí ihò kankan lábẹ́ ilẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé mo tẹ ihò Zawan tó mẹ́wàá ó lé. Mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn dárúkọ ọgbà ọrọ́. Mo sọ fún ara mi pé ta ni kò ní ọgbà ọrọ́ ní Zawan, kò sí ilé tí kò yí i ká. Mo fi ìyẹn tan ara mi jẹ, mo tẹ lẹ́tà náà, ọ̀gá buwọ́ lù ú, èmi sì lù ú ní òǹtẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni ọkùnrin náà fi gbà á. Ó dúpẹ́ títí, "Na gode, Màdáámù, Allah ya saka da alheri." Ó padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé àpò ànàmọ́ kékeré kan fún mi. Ìyá mi sè é nílé, mi ò lè jẹ ẹ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ òjò Jọ́ọ̀sì mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó máa ń tutù, ó máa ń pẹ́, ilẹ̀ á mu ún títí á fi yó. Bí ó bá ti ń rọ̀ lórí páànù ọ́fíìsì, mi ò ní lè tẹ ìlà kan kó gún. Ọ̀gá náà á ti ilẹ̀kùn rẹ̀. A kì í sọ ọ́ síra wa, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń gbọ́.

Nínú oṣù kẹfà, ní ọ̀sán Sátidé kan, mo wọ mọ́tò lọ sí Zawan láti lọ sọ òótọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ní Hausa kí n tó débẹ̀. Yàrá ti parí, páànù rẹ̀ ń dán. Ìyá náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ríran púpọ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé Màdáámù ọ́fíìsì ni, ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀, ó ní kí wọ́n bu kunu fún mi. Ó fà mí wọlé. Lẹ́tà wa wà lára ògiri, ìṣó mẹ́rin ni wọ́n fi kàn án. Ó wá gbé ẹsẹ̀, ó fi lu ilẹ̀ yàrá náà kí n lè gbọ́ bí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ṣe le. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ sáré jáde.

Mo sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òjò ọdún yìí pọ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí lẹ́tà lára ògiri. Mo mu kunu mi tán, mo dúpẹ́, mo wọ mọ́tò padà sílé. Mo ti gbìyànjú láti wá ìdí tó dáa tí mi ò fi sọ̀rọ̀, mi ò rí. Ojú ló tì mí.

Nínú oṣù kẹjọ, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ọkùnrin Zawan wọ ọ́fíìsì wa, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá, kò jáde. Ọkùnrin náà kí mi, ó sì dúró bí ó ti máa ń dúró títí mo fi ní kó jókòó. Ó ní ilẹ̀ ya lánàá, ó gbé yàrá náà mì tòun ti ìyá òun. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó fi okùn fà á jáde. Ó ti kú.

Mo rò pé ó wá bá mi jà. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó bá mi jà.

Ó ní, "Màdáámù, òní ló yẹ ká sin ín. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ fún mi. Òjò ló ya ilẹ̀ yìí, mo mọ̀, ẹ̀yin ti bá mi wo tìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bá mi wo inú ìwé, kí ẹ sọ ibi tí ilẹ̀ ti le fún mi, tí mo lè gbé e sí tí kò fi ní tún jìn."

Mo sọ fún un. Mo ní kò sí ìwé. Mo ní kò sí ìwé lọ́jọ́ tí mo tẹ lẹ́tà rẹ̀ náà, pé a ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, pé mo mọ̀.

Ó bi mí pé nígbà tí mo wá sílé, tí ìyá òun di ọwọ́ mi mú, ṣé mo ti mọ̀ nígbà yẹn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"To," ó ní. Ó dìde, ó sì lọ wá ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa gbẹ́.